Àlejò Ni Àwa Náà Rí: Ìtàn Àwọn Tó Ti Gánà Dé àti Ohun Tí Ó Kọ́ Ẹgbẹ́ Wa

Ẹgbẹ́ wa pé ọdún mẹ́wàá. Ìtàn bí a ṣe dá a sílẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ti jẹ olóyè nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí a ti ṣe nínú ìlú wà ní àwọn ojú ìwé mìíràn nínú ìwé yìí. Èyí tí ẹ̀ka alukoro fẹ́ sọ níhìn-ín ti ṣẹlẹ̀ kí a tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àní kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò kàn.

Nígbà tí àwa ojúgbà yìí wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí kíláàsì tí kò ní ẹni tí wọ́n ń pè ní "ọmọ Gánà". Àwọn mìíràn nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ yìí lónìí, wọ́n ń jẹ oyè, wọ́n ń san owó oṣù wọn déédéé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé Tamale tàbí Kumasi ni àwọn òbí wọn ti dé, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ta ni ọmọ Gánà? Báwo ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe di àlejò ní ìlú bàbá rẹ̀? Ìbéèrè náà ni a fẹ́ dáhùn, nítorí ìpinnu kan wà níwájú ẹgbẹ́ wa tí a kò lè ṣe dáadáa láì mọ ìtàn yìí.

Ìlú tí àlejò tẹ̀ dó

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ fún wa ni pé ọdẹ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí, kì í sì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ṣọ̀ún Ògúnlọlá fúnra rẹ̀, ọmọ Ìbàrìbá ni ìtàn pè é. Òun ni ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Láti inú Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni orúkọ ìlú wa ti jáde.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, tí ogun Ìlọrin ń fọ́ àwọn ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wá. Ìlú wa kò fọ́. Ṣe ni ó ń fẹ̀ sí i. Títí di òní, àwọn agbo ilé wà láàárín wa tí oríkì orílẹ̀ wọn ń dárúkọ ìlú tí ó ti di igbó. A fún wọn ní ilẹ̀, a fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n fẹ́ ọmọ wa, àwọn kan jẹ oyè. Kò sí ẹni tí ó ń bi ọmọ Ṣọ̀ún lónìí bóyá ó gbọ́ èdè Ìbàrìbá. Ìlú tí ó ti ọwọ́ àlejò wá ni ìlú wa, ó sì yẹ kí á máa rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀.

Ọ̀nà Gánà

Yorùbá ti ń lọ sí apá ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọjà Salaga, ní ilẹ̀ Gonja, ni àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ wa ti ń ra obì tí ó ti igbó Asante wá. Gbànja tí a ń pa níbi ìgbéyàwó, orúkọ ilẹ̀ Gonja yẹn ni àwọn onímọ̀ so ó mọ́. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ kan láti ibẹ̀ ti wà lẹ́nu wa kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ìrìnàjò náà wá di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Abẹ́ ọba kan náà ni Nàìjíríà àti Gold Coast wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá àjọ tí ń bójú tó owó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912, ṣílè kan náà ni wọ́n ń ná ní Èkó àti ní Accra. Kòkó ń mú owó wọlé níbẹ̀, ìlú ń dàgbà, àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ rà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Àwọn ará Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀yán, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin lọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé á ránṣẹ́ pe àbúrò, àbúrò á pe ọmọ ìyá rẹ̀, ìyàwó á tẹ̀ lé ọkọ. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ lé ní 100,000.

Kí ni wọ́n ń tà? Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, àwo, àtùpà, gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tí ènìyàn ń lò nínú ilé. Wọ́n máa ń gbé ọjà dé abúlé tí ilé iṣẹ́ òyìnbó kò ní dé láéláé. Ìyá Yorùbá tí ó ní ìsọ̀ kékeré ní àdúgbò, tí ènìyàn lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ láti ra ìṣáná, "Màmí Alátà" ni àwọn ará Gánà ń pè é.

Èdè ọjà àti èdè ilé

Ọ̀rọ̀ Alátà yẹn tó ohun tí a ń dúró lé lórí díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ á rò pé ata ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ìlú Allada, tí ó wà ní Benin òde òní, ni wọ́n fà á yọ láti ara rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ tí òyìnbó kó láti Allada wá ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ odi James ní Accra, àdúgbò wọn sì ń jẹ́ Alata títí di òní. Nígbà tí ó yá, gbogbo ẹni tí ó bá ti apá ìlà-oòrùn wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ dúdú wa ń jẹ́ "alata samina" lẹ́nu wọn. Bí àlejò bá pẹ́ ní ìlú, èdè onílé á fi orúkọ rẹ̀ pa nǹkan mọ́.

Àwọn Yorùbá náà kọ́ èdè. Ẹni tí ó wà ní Kumasi gbọ́ Twi, ẹni tí ó wà ní Accra gbọ́ Ga, ẹni tí ó wà ní Tamale gbọ́ Dagbani. Èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Gánà. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Zongo fúnra rẹ̀, ibi tí àwọn èrò ìrìnàjò ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò ṣòro fún ìyá oníṣòwò kan láti ná ọjà ní èdè mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, Yorùbá ni. Yorùbá ni èdè ìpàdé ọmọ ìlú. Yorùbá ni olórí àwọn Yorùbá fi ń parí ìjà tọkọtaya. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ wa ni ó gbé ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kalẹ̀ ní Gánà, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin, tí wọ́n fi ń wàásù nínú wọn. Ní ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, owó tí ó bá sì ṣẹ́ kù, wọ́n ń fi kọ́ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́.

A kò dá wọn lẹ́bi. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Bí ènìyàn bá wà láàárín àjèjì, ó fẹ́ gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ní ibì kan. Àwọn onílé náà kò sì pè wọ́n sí ìgbìmọ̀ ìlú. Àlejò ni wọ́n kà wọ́n sí, bí wọ́n tilẹ̀ ti pé ogójì ọdún níbẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wà: èdè tí a fi ń tajà wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń di ará ìlú, tí a fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, tí a fi ń gbọ́ òfin kí ó tó ṣubú luni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní in. Nígbà tí oòrùn ń ràn, ẹnikẹ́ni kò fura. Ìgbà tí òjò dé ni a mọ ẹni tí kò ní òrùlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba kan náà lánàá wá di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà, nítorí ìsọ̀ wọn wà níbi tí ó wà, àwọn oníbàárà wọn sì ń bọ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀.

Títí di ìparí àwọn ọdún 1960, nǹkan le ní Gánà. Gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ kò rí iṣẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ àjèjì ni ọjà wà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní òótọ́ díẹ̀ nínú, nítorí Yorùbá, Haúsá àti àwọn ará Lẹ́bánónì wà nídìí òwò lóòótọ́. Dókítà Kofi Busia di olórí ìjọba ní 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba rẹ̀ gbé àṣẹ jáde, èyí tí wọ́n pè ní Aliens Compliance Order: kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tí ó dé ibẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, tí ó ti bí ọmọ, tí ọmọ ti bí ọmọ, kò ní ìwé kankan. Ìgbà tí ó dé, wọn kò béèrè ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ náà fi jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìyá tí ó mọ orúkọ gbogbo aṣọ ní èdè mẹ́ta kò lè ka ohun tí ìjọba ń sọ fún un. Ẹnu aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ọ, bí aládùúgbò bá sì ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe gbà á. Ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Accra, èrò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń wá ìwé ìrìnnà tí wọn kò nílò rí.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ báńkì mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ní láti tà kíá, iyekíye tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Ọjà tí wọ́n kó fún ọdún Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ tà á ní ìdá díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tajà láwìn fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Owó cedi tí wọ́n kó jọ kò ṣeé pààrọ̀ ní ìrọ̀rùn, nítorí òfin Gánà ti de owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́lẹ̀ láti 1961. Wọ́n gba Togo àti Dahomey kọjá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì wọ Nàìjíríà nígbà tí ogun Biafra kò tíì parí. Oṣù kìíní 1970 ni ogun náà tó dópin.

Gánà náà kò jèrè rẹ̀ bí wọ́n ti rò. Oko kòkó pàdánù òṣìṣẹ́. Ìsọ̀ Màmí Alátà tì, àwọn àdúgbò kan sì wá ìṣáná títí. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn tí ó gbọ́ èdè ìsìn wọn ti lọ. Èyí tí ó dun àwọn àgbà kan jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, àwọn ará ìlú tí ó yí i ká kò gbọ́ èdè rẹ̀ tó láti gbà á dúró.

Ilé ni wọ́n dé, àlejò ni wọ́n tún jẹ́

Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó ti kọ́lé bọ́ sínú ilé rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ wọ yàrá kan ní agbo ilé pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Àwọn kan padà sí oko tí bàbá wọn ti kúrò nídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn kò pẹ́ tí wọ́n fi gba Èkó, Jos, Kano tàbí Côte d'Ivoire lọ. Ọ̀nà Abidjan tí àwọn ará Èjìgbò mọ̀ dáadáa lónìí, inú irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àwọn ọmọ ni ó nira fún jù. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi, tí ó ń bá àwọn ojúgbà rẹ̀ ṣeré ní Twi, dé ìlú kan tí wọ́n sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni. Yorùbá tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ti ilé ìdáná ni: wá jẹun, lọ wẹ̀, má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ òwe. Kò mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ó ń dirun lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń jẹun. Ó sọ "o" fún àgbàlagbà níbi tí ó yẹ kí ó sọ "ẹ", wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó dákẹ́ ní kíláàsì, wọ́n ní olódo ni. Àwọn òbí tí a bá sọ̀rọ̀ kí a tó kọ ìwé yìí sọ pé yẹ̀yẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kan kò fi fẹ́ lọ sí ilé ìwé mọ́. Ọgbọ́n wà lórí wọn. Èdè ni kò sí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ta ni ó wá fún wọn ní èdè? A béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí náà, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa. Ilé ìwé ṣe díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣe díẹ̀. Àwọn tí ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù ni ojúgbà. Ní ibi bojúbojú àti àlọ́, níbi odò àti pápá bọ́ọ̀lù, ni ọmọ Gánà ti di ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ojúgbà á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lówùúrọ̀, á sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà nírọ̀lẹ́, nítorí ó fẹ́ kí o wà nínú eré. Ọ̀nà tí ó yá jù láti wọ ìlú ni ẹgbẹ́. Àwọn bàbá wa mọ èyí tipẹ́ kí wọ́n tó máa to ènìyàn ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́.

Ó tún kan ẹlòmíràn

Ọdún mẹ́rìnlá kò tíì pé tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà. Nígbà tí epo rọ̀bì mú owó wọ Nàìjíríà, àwọn ará Gánà wá. Wọ́n kọ́ni ní ilé ìwé girama wa, wọ́n rán aṣọ, wọ́n tún bàtà ṣe, wọ́n mọ ilé. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wá ní Accra ni a fi kàn wọ́n ní Èkó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò títí ìparí oṣù náà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Àwọn tí ó kúrò lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò aláràbarà tí wọ́n kó ẹrù sí ni à ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. A ń kó aṣọ àti ìwé sínú rẹ̀, a kì í sì í rántí.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní Èkó ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe àdéhùn ní 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ìwé wà. Ṣùgbọ́n àdéhùn àwọn olórí kò ní agbára tó bí àwọn ará àdúgbò kò bá mọ ara wọn. Àwọn Yorùbá àti àwọn ará Gánà kan wà tí aládùúgbò fi pamọ́, tí ó bá wọn tọ́jú ẹrù, tí ó san gbèsè wọn fún wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá bi àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n gbọ́ èdè ara wọn.

Àwọn tí ó wà láàárín wa lónìí

Ẹ wo àyíká wa. Haúsá ń bẹ ní Sábó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn Igede, Tiv àti Idoma ń ṣiṣẹ́ oko fún wa. Àwọn ará Benin àti Togo ń bá wa mọlé, wọ́n ń bá wa ṣe iṣẹ́ ilé. Ọmọ wọn ń dàgbà pẹ̀lú ọmọ wa.

Ní báńkì, a máa ń rí ohun kan. Ìyá kan á wá gba owó, kò gbọ́ Yorùbá tó, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án ni ògbufọ̀. Ọmọ náà ni ó ń gbọ́ iye tí ó kù nínú owó ìyá rẹ̀, òun ni ó ń ka ìkìlọ̀, òun ni ó ń tẹ nọ́ńbà àṣírí sórí ẹ̀rọ. Bí ọmọ kò bá sí nílé, àjèjì tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń rí owó rẹ̀ gbà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi owó, ẹ rò ó wò níbi tí aláboyún ti ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì ibi tí ó ń dùn ún. Ní ilé ìwé, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 sọ nígbà náà pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Èdè àdúgbò níhìn-ín ni Yorùbá. Ọmọ Igede tí kò gbọ́ ọ, ọjọ́ kan náà ni ó ń pàdé Yorùbá, ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì.

A mọ̀ pé ìbẹ̀rù wà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jí ènìyàn gbé àti ìjà orí oko kì í ṣe àsọdùn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní kí á má ṣọ́ra ń tan wá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni a kò lè mọ̀. Àlejò tí ó gbọ́ èdè wa, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́, tí ó mọ ẹni tí yóò sọ fún bí ó bá rí ohun tí kò yé e, ó ń dáàbò bo ìlú ju ọlọ́dẹ méjì lọ. Àlejò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Kí ó kọ́ ìkíni wa, kí ó mọ ààlà oko, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí ìlú kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ bí a kò bá gbà á láyè láti jókòó tì wá?

Ohun tí ó wà níwájú ẹgbẹ́

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ alákòóso fi fẹ́ gbé ohun mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogbogbò lẹ́yìn àjọ̀dún yìí.

Èkíní ni kíláàsì Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa, lọ́fẹ̀ẹ́, fún àgbà àti ọmọdé. Olùkọ́ kò wọ́n nínú ẹgbẹ́ wa.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ àwọn ògbufọ̀. Àwọn kan nínú wa gbọ́ Haúsá nítorí Jos àti Kano, àwọn kan gbọ́ Faransé nítorí Abidjan, àwọn òbí wa kan sì ń sọ Twi síbẹ̀. Kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn fún àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè sinmi.

Ẹ̀kẹta ni ó le, a kò sì ní fi pamọ́. Ìwé òfin wa sọ pé ọmọ bíbí ìlú nìkan ni ó lè wọ ẹgbẹ́. Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n bí síbí tàbí tí ó dàgbà síbí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti wa mu, lè wọlé, ibikíbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àwọn kan nínú wa lòdì sí i, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni ohùn ọmọ ìlú níwájú Ṣọ̀ún, wọ́n ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, ìjà ilẹ̀ àti oyè lè gba ibẹ̀ wọlé. Àbá náà kò fọwọ́ kan ilẹ̀, kò fọwọ́ kan oyè; ti agbo ilé ni ìyẹn jẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Ọ̀rọ̀ ojúgbà ni èyí. Ọdún tí a bí ènìyàn kò ní ìlú bàbá nínú.

Ojú àlejò ni ìtàn Gánà fi yẹ kí á wò ó. Àwọn òbí wa gbé ìlú onílùú pẹ́ tó láti bí ọmọ àti ọmọ ọmọ, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tó láti lé wọn, nítorí pé ọjà nìkan ni wọ́n ti jọ ń pàdé àwọn onílé. Nígbà tí wọ́n dé, ojúgbà ni ó gba àwọn ọmọ wọn wọ ìlú. Àwọn tí a gbà wọlé yẹn ni ó ń bá wa gé àkàrà òyìnbó lónìí. Ẹ wá sí ìpàdé náà, ẹ wá sọ èrò yín, kí a jọ dìbò.

Ọlọ́run tí ó mú wa rí ọdún kẹwàá yóò mú wa rí ogún, yóò mú wa rí àádọ́ta. Àwọn tí ó wà lájò nínú wa, wọn yóò padà wálé láyọ̀. Àwọn tí ó fi ìlú wa ṣe ilé, ilé yóò sàn wọ́n. Ẹ kú àjọ̀dún, ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.